Ọ̀rọ̀ Tí Sàídù Fẹ́ Sọ

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú tó bá ṣáájú Kérésìmesì, àwọn olólùfẹ́ orin kan máa ń kóra jọ níwájú ṣọ́ọ̀bù Ugochukwu ní Ajégúnlẹ̀, níbi tó ti ń tún sípíkà ṣe. Wọ́n á to àga rọ́bà síta, ẹni kọ̀ọ̀kan á sì mú àwo orin kan ṣoṣo wá, èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tó jáde lọ́dún náà. Orin kan péré ni wọ́n á gbọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó mú un wá á dìde, á sọ ìdí tó fi mú un. Òfin kan ni Ugochukwu fi lélẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn márùn-ún péré ni wọ́n: "Sọ ohun tí orin yẹn ṣe fún ẹ. Ohun tó ṣe fáyé, ayé á fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Nínú gbogbo wọn, Adékànmí ló mọ ọ̀rọ̀ sọ jù. Àwọn oníṣòwò ló ń bá gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Wharf Road. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Bó bá dìde láti sọ̀rọ̀ lórí orin, ẹni tó fẹ́ lọ ra omi á kọ́kọ́ jókòó ná. Wọ́n máa ń dìbò lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti sọ tẹnu wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wọ̀ wọ́n lára jù ló ń ṣe alága lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Adékànmí ti ṣe é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe ń fẹnu sọ lọ. Lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, ajẹ́ńtì lásán ni, ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́ lórí fóònù pé kọ̀ǹtéńà àwọn ti pẹ́ jù. Níwájú ṣọ́ọ̀bù Ugochukwu, ọ̀gá ni.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Adékànmí kò tíì gbọ́ àwo orin kan ṣoṣo tán. Kì í ṣe pé kò ráyè. Á fi íápíìsì sétí ní ọ́fíìsì, á gbọ́ ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, á fò ó, á bọ́ sórí òmíràn, á fo ìyẹn náà. Nǹkan kan nínú rẹ̀ ti kú sí orin, kò sì mọ ìgbà tó kú. Ohun tó ń ṣe ni pé á ka ohun tí àwọn mìíràn kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á pò ó pọ̀, á fi adùn ẹnu tirẹ̀ sí i. Títí di oṣù Kẹwàá, ìyẹn ló fi ń ta yọ.

Oṣù Kẹwàá náà ni Sàídù fi ohùn ránṣẹ́ sí i.

Awakọ̀ tírélà ni Sàídù, ọmọ Ìlọrin, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Òun ló máa ń gbé ẹrù tí Adékànmí bá gbà jáde lọ sí àwọn wíáháòsì tí wọ́n ń kó ẹrù pa mọ́ sí ní Creek Road. Nígbà mìíràn ó máa ń gbé e dé Kánò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó lè jókòó ti èèyàn fún wákàtí kan kó máà sọ̀rọ̀, kó sì má dà bí ẹni pé inú ń bí i. Orin kì í tán nínú ọkọ̀ rẹ̀. Nínú oṣù Kẹta ọdún náà ni Ràdíátù ìyàwó rẹ̀ ṣàìsí, àìsàn ọjọ́ kan ṣoṣo. Adékànmí lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú àwọn awakọ̀ yòókù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nígbà tó rí i pé ọkùnrin náà ń gbẹ, ó sọ fún un nípa ìpàdé wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa jókòó lọ́dún yìí. Ẹ fẹ́ràn orin ju gbogbo wa lọ."

Sàídù rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ sọ láàárín ẹ̀yin alákọ̀wé?"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ nínú. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọkọ̀ tò dúró ní Kirikiri tí wọn ò pè wọ́n wọ pọ́ọ̀tù, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ó sì fi ránṣẹ́ sí Adékànmí lórí Wásáàpù.

"Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Mo ti mọ èyí tí mo fẹ́ mú wá. Èyí tí Àbẹ̀ní Kúkọ̀yí ṣe ni, Ìbòòsí Jẹ́jẹ́. Ìkarùn-ún nínú ẹ̀, kò sọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ó kàn ń fi imú kùn ni, omi wá ń dún lábẹ́ ẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ rèé, bá mi gbọ́ ọ." Ó wúkọ́ díẹ̀. "Ọjọ́ tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, ó fọ aṣọ láàárọ̀. Ó sá a. Ọ̀sán la gbé e lọ sí ọsibítù, kò padà wálé mọ́. Aṣọ yẹn wà lórí okùn fún ọjọ́ mọ́kànlá. Òjò pa á, oòrùn pa á. Àwọn ọmọ fẹ́ ká a, mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ sá a. Mo ní tí mo bá ká a báyìí, iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn láyé ti parí nìyẹn. Ọjọ́ kọkànlá, mo wà nínú ọkọ̀, orin yẹn bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé kí n má sunkún, kò sọ pé kí n sunkún. Ó kàn ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, bí obìnrin tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo délé, mo ká aṣọ náà. Mo ká a bó ṣe máa ń ká a, apá méjèèjì sẹ́yìn."

Fèrè ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ó mọ́gbọ́n dání? Bí kò bá dáa, sọ fún mi, mi ò ní í bínú. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹlòmíì."

Adékànmí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, ó rí i pé nínú ohun gbogbo tó wọ etí òun lọ́dún náà, ohùn Sàídù nìkan ni òun fi ara balẹ̀ gbọ́ dópin. Ó fèsì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó dáa gan-an. Ẹ má yọ ẹyọ kan kúrò."

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ìpàdé wáyé, Sàídù pè é láti Jẹ́bbà. Ọkọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà bó ṣe ń ti òkè Ọya bọ̀. Wọ́n ti ń wá nǹkan tí wọ́n á fi tún un ṣe, kò sì dájú pé á yá.

"Bá mi kí wọn," ni Sàídù wí. "Bóyá èyí tó ń bọ̀."

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, wọ́n tó ogún tí wọ́n jókòó. Ewoma, tó ń dirun fún obìnrin ní Ojo Road, ló kọ́kọ́ dìde. Àwo orin àwọn ìyá àgbà Urhobo kan ló mú wá, ó sì jó sí i kó tó sọ̀rọ̀. Patrick tó ń jó irin mú àwo àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan tó ń fi ẹnu rọ̀jò ọ̀rọ̀, ó sọ pé láti ọjọ́ tí òun ti gbọ́ ọ lòun kò ti tijú mọ́ láti sọ àdúgbò òun fún èèyàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó pẹ́ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró.

Ó kan Adékànmí. Àwo kan tí gbogbo èèyàn ti yìn lọ́dún náà ló mú wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, nípa bí ìlù ṣe wọnú ara wọn àti bí ohùn ṣe gun orí ohùn. Ó rí i tí Ewoma wo fóònù rẹ̀. Ó rí i tí ọkùnrin kan yán. Patrick ló wá fi àwàdà jù ú lókò:

"Ọ̀gá Kánmí, you never hot today o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò burú, ẹ̀rín ọ̀rẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó gún Adékànmí lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. Ó dúró wò wọ́n, etí rẹ̀ gbóná, ó sì rí i pé wọ́n ti mọ̀, tàbí pé wọ́n máa tó mọ̀, pé òun kò ní nǹkan kan nínú mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín," ló wí. "Kì í ṣe èyí ni mo fẹ́ mú wá. Èyí tí mo fẹ́ mú wá, ó ń bà mí lẹ́rù ni. Ọ̀gá Ugo, ẹ bá mi wá Àbẹ̀ní Kúkọ̀yí, Ìbòòsí Jẹ́jẹ́. Ìkarùn-ún."

Ugochukwu wá a lórí fóònù, ó fi í sí i. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú sípíkà. Obìnrin náà ń fi imú kùn. Bí orin náà ṣe parí, ẹnu Adékànmí là, ó sì gbọ́ tí ara rẹ̀ ń sọ pé:

"Ọjọ́ tí bàbá mi kú, ó fọ aṣọ láàárọ̀."

Bàbá rẹ̀ ti kú lóòótọ́, ọdún kejì nìyẹn, ní Ìkirè. Ìyẹn nìkan ni òótọ́ tó wà nínú rẹ̀. Àwọn yòókù, láti orí aṣọ títí dé òjò àti oòrùn, ti Sàídù ni. Ó sọ ọ́ bí Sàídù ṣe sọ ọ́, ó kàn fi adùn sí i ni. Ó mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́, ó sì dákẹ́ níbẹ̀. Ó mọ ibi tó yẹ kí ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ewoma gbé fóònù jù sínú báàgì, ó fi etí gèlè nu ojú. Patrick tẹjú mọ́lẹ̀. Ugochukwu, tí kì í sunkún, bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mo délé, mo ká aṣọ náà," ni Adékànmí wí. Ó gbé ojú sókè, ó sì rí Sàídù.

Ó dúró lẹ́yìn àwọn àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, báàgì ìrìnàjò ní ọwọ́ kan, eruku pupa lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mẹkáníìkì ní Jẹ́bbà, ó sì wọ bọ́ọ̀sì wá, nítorí pé ó ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí láti oṣù Kẹwàá. Adékànmí kò mọ ìgbà tó dé. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Gbogbo èèyàn ń dúró de ìparí ọ̀rọ̀. Kò sí ibi tó lè yà sí.

"Mo ká a bó ṣe máa ń ká a," ló wí. "Apá méjèèjì sẹ́yìn."

Àtẹ́wọ́ ńlá tẹ̀ lé e. Ó jókòó. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ilé ìdáná.

Ugochukwu rí àlejò náà, ó sì kí i tayọ̀tayọ̀. "Ṣé ẹ̀yin ni Alhaji tí Kánmí ń sọ? Ẹ káàbọ̀! Ẹ wá jókòó. Ṣé ẹ mú tiyín wá?"

"Mo mú un wá," ni Sàídù wí.

"Ó yá, ẹ sọ fún wa."

Sàídù bọ́ síwájú. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ojú rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ Adékànmí. Adékànmí rò pé ibẹ̀ ni òun máa tẹ́ sí. Nínú ọkàn rẹ̀, ó tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́, kó yára sọ ọ́.

"Àwo kan náà ni," ni Sàídù wí. "Ohun tí àbúrò mi sọ yẹn ló wà lọ́kàn tèmi náà. Ó ti sọ ọ́ tán."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ewoma ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ tiyín ná. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹni méjì ò lè fẹ́ràn orin kan."

"Ó ti tán," ni Sàídù wí. Ó gbé báàgì rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dìbò, gbogbo ọwọ́ ló na sókè fún Adékànmí. Ó wẹ̀yìn wò, Sàídù kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n ń pè é ní alága. Ewoma di ọwọ́ rẹ̀ mú ní tirẹ̀. "Ọdún mẹ́rin ni èmi àti bàbá mi ò ti bára wa sọ̀rọ̀," ló wí. "Because of wetin you talk, I go call am today." Adékànmí ní orí ń fọ́ òun, ó sì gba ilé lọ.

Patrick ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní fídíò. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà káàkiri lórí Fésíbúùkù. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń kọ̀wé sí abẹ́ rẹ̀ pé kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ rere. Bí ó ṣe ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, Túnbọ̀sún àbúrò rẹ̀ obìnrin pè é láti Ìkirè.

"Bùrọ̀dá Kánmí, ẹ káàárọ̀."

"Túnbọ̀sún, báwo ni?"

"Aṣọ wo?"

"Kí lo wí?"

"Mo ní aṣọ wo ni bàbá fọ̀?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Oṣù mẹ́sàn-án ni apá òsì bàbá ò fi ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń fọ aṣọ wọn. Èmi ni mò ń wọ̀ ọ́ sí wọn lọ́rùn. Ẹ wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò lò ju wákàtí méjì lọ, ẹ ní ẹrù kan ń dúró dè yín ní pọ́ọ̀tù. Okùn wo ni bàbá sá aṣọ sí?"

Adékànmí dúró láàárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹnì kan fẹ́ kọjá, ó fara ti ògiri fún un.

"Àwọn olùkọ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti wò ó," ni Túnbọ̀sún wí. "Wọ́n ń kí mi kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún wọn. Ṣé kí n sọ pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń pa mọ́ òkú bàbá wa?" Ó sì gé fóònù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó fi íápíìsì sétí, ó sì gbọ́ Ìbòòsí Jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ni. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó ń retí aṣọ. Kò sí aṣọ níbẹ̀. Kò sí okùn, kò sí òjò, kò sí òkú. Omi kan ń dún, obìnrin kan ń kùn, bóyá ó ń wẹ ọmọ, bóyá ó ń fọ ẹ̀wà. Aṣọ náà kò sí nínú orin rárá. Sàídù ló mú un wá láti ilé ara rẹ̀, láti ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Adékànmí ti ń tan ara rẹ̀ láti àná pé orin ló ni ọ̀rọ̀ náà, pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ lè sọ ọ́. Ó yọ íápíìsì, ó sì bo ojú rẹ̀.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń sá. Ó rí ọkùnrin kan tó jọ Sàídù níwájú géètì pọ́ọ̀tù, ó sì yà sẹ́yìn ọkọ̀ kan bí olè títí onítọ̀hún fi kọjá. Kì í ṣe Sàídù. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbọ́ pé wọ́n ti tún ọkọ̀ Sàídù ṣe, ó ti gbé e dé, ó sì ń já ẹrù ní wíáháòsì kan ní Creek Road. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Sàídù jókòó sórí táyà àlòkù kan lábẹ́ òjìji ọkọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Àwọn alábàárù ń gbé àpò ìrẹsì sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn. Adékànmí dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe pé ó tẹríba lásán. Ó fi àyà lélẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ ọ́fíìsì. Àwọn alábàárù dúró wò ó.

"Dìde," ni Sàídù wí. "Àwọn èèyàn ń wò ẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò mí. Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ yín."

"Dìde, mo ní."

Ó dìde. Sàídù fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ táyà náà, ó jókòó. Sàídù jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó sì gbọn ọwọ́.

"Mo gbé e lórí láti Jẹ́bbà," ló wí. "Nínú bọ́ọ̀sì, mò ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ẹni tó jókòó tì mí rò pé mò ń fa tẹ̀sùbáà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú. "Nígbà tí mo dé, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé ò ń bá mi sọ ọ́ ni, torí mo ní mi ò ní í lè wá. Inú mi dùn. Mo ní, ẹ wo àbúrò mi. Ìgbà náà ni mo wá gbọ́ 'bàbá mi.'"

Adékànmí tẹ orí ba.

"Wò ó. Wọ́n ń sunkún. Mo wo gbogbo wọn, wọ́n ń sunkún, mo ní kí èmi náà sunkún, ojú mi gbẹ. Ó wá dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìyàwó mi ti di bàbá ẹnì kan ní Ìkirè. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá fi orin yẹn sí i, ohùn tìrẹ ni mò ń gbọ́. Mi ò gbọ́ ọ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, màá lọ sọ fún wọn. Màá sọ fún gbogbo wọn pé ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Má dárúkọ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn rẹ̀ le. "Má sì dárúkọ ìyàwó mi. Wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó bá jẹ́ tìẹ níbẹ̀ ni kó o lọ sọ."

"Kí ló jẹ́ tèmi níbẹ̀?"

Sàídù wò ó. "Irọ́ yẹn," ló wí, ó sì dìde lọ ka àpò ìrẹsì.

Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun, Ugochukwu pè wọ́n wá jẹ ìrẹsì. Adékànmí kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n ní kí alága sọ̀rọ̀, ó dìde, ó sì sọ ọ́ láìfi adùn kankan sí i. Ó ní bàbá òun kò fọ aṣọ. Ó ní òun kò sí nílé nígbà tí bàbá òun ń ṣàìsàn. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lòun jí, ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sọ́wọ́ òun, òun kò sì ní í dárúkọ ẹni náà. Ó ní títí di ọjọ́ ìpàdé yẹn, òun kò gbọ́ àwo orin kan tán lọ́dún tó kọjá, títí kan èyí tí òun dìde sọ̀rọ̀ lé lórí.

Patrick yọ fóònù rẹ̀, ó ń wá fídíò náà kó lè pa á rẹ́. Ugochukwu wo ojúde, sí ibi tí Sàídù dúró sí lọ́jọ́ náà, ó sì mi orí. Ó ti yé e. Kò béèrè.

Ewoma ló bínú jù. "So I cry for lie?" ló wí. Ó gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ kalẹ̀. "Kánmí, mo pe bàbá mi lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ mi kan ló jẹ́ kí n pè. Mo sọ ọ̀rọ̀ aṣọ bàbá ẹ fún wọn lórí fóònù! Bàbá mi sunkún. Wọ́n ń béèrè ẹ. Wọ́n ní kí n bá wọn kí ẹ. Kí ni kí n sọ fún wọn báyìí?"

"Sọ òótọ́ fún wọn."

"Ó rọrùn fún ẹ láti sọ." Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀. "Ìpè yẹn dáa o. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi pé ọwọ́ ẹ ló ti wá."

Ugochukwu gba ipò alága lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í fún Patrick. Wọn kò lé Adékànmí. Ó bá wọn palẹ̀ àga mọ́, ó fọ ìkòkò, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ bí kò ṣe láti bi í pé ọṣẹ dà.

Sàídù kò wá sí ìpàdé náà mọ́, kò sì ní í wá. Ó ṣì ń gbé ẹrù fún Adékànmí, nítorí iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Á fa gíláàsì ọkọ̀ wálẹ̀ ní Wharf Road, á na ọwọ́ gba ìwé ẹrù, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá ajẹ́ńtì." Kò pè é ní àbúrò mọ́. "Ẹ" tó ń lò fún un yẹn, tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ni lẹ́nu ẹlòmíràn, á máa dùn ún títí di ìrọ̀lẹ́.

Nínú oṣù Kejì, ó lọ sí Ìkirè. Kò sọ fún Túnbọ̀sún pé òun ń bọ̀. Ó bá a níwájú ilé bàbá wọn, ó ń ka ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ láti kí i, ó gbé àga fún un, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Túnbọ̀sún," ni Adékànmí wí, lẹ́yìn tó ti jókòó fún ìgbà pípẹ́. "Báwo ni ọjọ́ tí bàbá kú ṣe rí?"

Obìnrin náà dá ọwọ́ dúró. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mi ò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan."

Ó wò ó títí, bí ẹni tó ń wo owó tó fura sí pé ayédèrú ni. Lẹ́yìn náà ó kó ìwé àwọn ọmọ náà jọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó gùn. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tó le láti gbọ́, àwọn ibì kan sì wà tí orúkọ Adékànmí ti jẹ yọ, kò sì dára. Kò dá sí i. Kò ní "ṣé lóòótọ́," kò ní "mo tọrọ gáfárà." Ó jókòó, ó gbọ́ ọ títí àbúrò rẹ̀ fi sọ ọ́ tán.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ewoma pàdé rẹ̀ ní Ojo Road. Kò tíì máa bá a sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó ní òun gbọ́ pé ó lọ sílé, kí ló lọ ṣe?

"Mo lọ kí àbúrò mi ni," ni Adékànmí wí, kò sì fi ọ̀rọ̀ tí Túnbọ̀sún sọ kún un.